Mo Kó Páwà Báǹkì Sápò Ọmọ Mi Kó Lè Wúwo Lórí Sikéèlì

Mo parọ́ fún ìyàwó mi, mo parọ́ fún dókítà, mo sì kọ́ ọmọ mi ní irọ́ pípa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi. Kò ní dùn mí. Kò sóhun tó ń dùn mí dáadáa mọ́ látìgbà tọ́rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n lè jókòó sọ ọ́.

Orúkọ mi ni Ọlágbénró. Fóònù ni mo ń tún ṣe ní Ogunu, ní Warri níbí. Mi ò kàwé púpọ̀. Fóònù ló kọ́ mi níwèé. Ohun tó bá ti kọ sójú ni mo máa ń kà títí tó fi máa yé mi. Rodiyat ìyàwó mi ló kàwé. Kọ́sítọ́ọ̀mù ló ń bá ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé e kúrò ní Warri lọ sí Calabar, ló bá ku èmi àti Ìlérí ọmọ wa nílé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, obìnrin.

Ìlérí ní àìsàn inú ìfun. A kọ́kọ́ pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí. A pè é ní aràn. Ìgbà tó wá di pé ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde, tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń ga tí òun ò ga, la gbé e dé ọsibítù ńlá kan ní Benin. Dókítà ní Króònù lorúkọ àìsàn náà. Ó ní egbò ló wà nínú ìfun ẹ̀, pé kì í lọ pátápátá, pé ńṣe lèèyàn máa ń mú un sùn.

Mílíìkì ni wọ́n fẹ́ fi mú un sùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kò gbọ́dọ̀ jẹ oúnjẹ kankan, àfi mílíìkì inú agolo yẹn àti omi lásán. Kí ìfun lè sinmi, kí egbò lè jiná.

Dókítà wo èmi àtìyàwó mi lójú. Ó ní, "Tí mílíìkì yìí bá ṣiṣẹ́, a ò ní fọwọ́ kan inú ẹ̀. Tí kò bá ṣiṣẹ́, àfàìmọ̀ ká má gé lára ìfun náà."

Mo gbọ́ ọ. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò gbọ́. Gbogbo ìgbà tí mò ń ṣe ohun tí mo ṣe ni mo rántí ẹ̀.

Wúrà ni wọ́n fà wá lé lọ́wọ́. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, òun ló ń bójú tó oúnjẹ àwọn ọmọ tó ní irú àìsàn yìí. Ó fi áàpù kan sórí fóònù mi. Tí Ìlérí bá ti mu kọ́ọ̀bù kan, kí n tẹ̀ ẹ́. Tó bá yàgbẹ́, kí n tẹ̀ ẹ́. Tí inú bá run ún, kí n tẹ̀ ẹ́. Ó tún fún wa ní sikéèlì tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀. Kí ọmọ ṣáà ti gùn ún, iye kílò ẹ̀ á ti wọ inú áàpù. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni kó máa gùn ún, aṣọ kan náà ni kó sì máa wọ̀. A mú gáùn jíìnsì kan tó ní àpò ńlá méjì níwájú.

"Bàbá Ìlérí," Wúrà ní, "ohun tẹ́ ẹ bá tẹ̀ lèmi máa rí ní Benin. Òun náà ni Mummy Ìlérí máa rí ní Calabar. Mi ò lójú míì nílé yín o."

Mo ní kó má ṣèyọnu. Mo ní fóònù niṣẹ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ṣe é bó ṣe yẹ. Mo po mílíìkì, Ìlérí di imú ẹ̀, ó mu ún, ó sunkún.

"Daddy, e be like chalk."

"Mu ún tán."

"I don tire."

"Ó ku díẹ̀."

Tó bá ti mu gbogbo ẹ̀ tán lọ́jọ́ kan, ojú áàpù á di gríìnì. Kò ní pẹ́ tí fóìsì á wọlé láti Calabar: "Bàbá Ìlérí, mo rí i o. Gríìnì ni látàárọ̀ ṣúlẹ̀! Ọlọ́run á bá mi ṣe yín lóore." Mo máa ń gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mejì. Inú mi máa ń dùn nígbà yẹn. Mo ṣì mọ ohun tí inú dídùn jẹ́ nígbà yẹn.

Nínú ọgbà tí à ń gbé, Mama Ejiro ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ará Urhobo ni. Gbogbo Sátidé ló máa ń se ọbẹ̀ ẹyìn tí wọ́n ń pè ní báńgà, tó sì máa ń ro sítáàṣì ẹ̀gẹ́, gbogbo ọmọ inú ọgbà ló sì máa ń jẹ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ta ló lọmọ. Bá a ṣe ń gbé níbẹ̀ nìyẹn.

Sátidé kan, mo sáré wálé wá mú ṣájà. Mo rí Ìlérí tó lóṣòó sẹ́yìn kíṣìnì Mama Ejiro, ó gbé ojú ẹ̀ sókè síbi fèrèsé, ó dijú.

"Ìlérí, kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

Ó fò dìde. "Daddy, I no chop o! I swear."

"Mo ní kí lò ń ṣe?"

"I just dey smell am."

Mama Ejiro yọrí lójú fèrèsé. "Oga Phone! Na so the pikin stand there since. Which kain hospital be that? Dem dey punish am? Make I give am small na."

"Madam, doctor say no."

"The doctor himself don chop this afternoon? Go ask am!"

Mo mú ọmọ wọlé. Mo po mílíìkì, mo gbé e síwájú ẹ̀. Kò sunkún. Ká ní ó sunkún ni, mo mọ bí mo ṣe máa ń ṣe é. Ó kàn ń wo kọ́ọ̀bù náà bí ẹni tó ń wo ògiri.

Mo jáde. Mo gba àwo kékeré lọ́wọ́ Mama Ejiro.

Sítáàṣì náà ò ju ẹyin adìyẹ lọ. Mo fi kan ọbẹ̀, mo yọ gbogbo ẹja àti egungun kúrò. Ìlérí jẹ ẹ́, ó lá ìka ẹ̀, ó lá ìsàlẹ̀ àwo. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn.

Mo da mílíìkì sí gọ́tà. Fóònù gbọ̀n lápò mi: kọ́ọ̀bù ọ̀sán ò tíì wọlé. Mo dúró síbẹ̀ díẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ó di gríìnì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan fún yín nípa iṣẹ́ wa. Tí nǹkan kan bá jóná nínú fóònù, tó o sì rí i pé àtitún un ṣe máa pẹ́, wáyà tín-ín-rín kan wà tó o lè fi fo ibẹ̀ kọjá. Jọ́ńpà là ń pè é. Ibi tó bàjẹ́ ṣì bàjẹ́ síbẹ̀, àmọ́ iná á tàn. Kọ́sítọ́mà á rí iná, á dúpẹ́, á máa lọ. Ọjọ́ tó bá tún máa kú, ìyẹn tún di ọ̀rọ̀ ọjọ́ míì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é, ọwọ́ mi ti mọ́ ọn. Nígbà tí mo rí gríìnì yẹn, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé iná ti tàn.

Inú ò run Ìlérí lọ́jọ́ yẹn. Mo ní àwọn dókítà yìí ti le jù.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Sátidé tó tẹ̀ lé e, a tún jẹ. Lẹ́yìn ẹ̀ ni kò dúró de Sátidé mọ́. Tó bá ti iléèwé dé, ṣọ́ọ̀bù ló ń gbà. Mo ra búrẹ́dì fún un, mo ra bọ̀ọ̀lì, mo ra ẹ̀pà. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á máa jẹ, èmi á máa jó wáyà mọ́ fóònù kọ́sítọ́mà.

"Daddy, you don press?"

"Mo ti tẹ̀ ẹ́."

"Sharp guy!"

A jọ máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó ti di eré láàárín àwa méjèèjì.

Wúrà fi fóìsì ránṣẹ́. Ó ní, "Bàbá Ìlérí, nínú gbogbo òbí tí mò ń tọ́jú ọmọ wọn, ẹ̀yin nìkan lẹ ò tíì pa kọ́ọ̀bù kan jẹ. Àwọn ìyá míì ń sunkún sí mi létí pé ọmọ ò mu ún. Ṣé mo lè fi tiyín hàn wọ́n?"

Mo ní kó fi hàn wọ́n.

Àmọ́ sikéèlì ò sí nínú eré yẹn. Ọjọ́ Àìkú kan, Ìlérí gùn ún, kílò ẹ̀ wálẹ̀. Ọjọ́ Àìkú kejì, ó tún wálẹ̀, ojú áàpù pọ́n. Wúrà pè mí kí n tó jáde nínú yàrá.

"Ó ń mu ún tán, síbẹ̀ ó ń rù. Kí ló ń ṣẹlẹ̀?"

"Èmi náà ò mọ̀."

"Ṣé inú ń run ún?"

"Rárá o."

"Tó bá tún wálẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ẹ gbé e wá. Mummy Ìlérí náà máa wá."

Ṣé inú ń run ún? Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló ká jọ sórí ibùsùn, tó fọwọ́ di ikùn mú. Ó ti sáré lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ títí ó fi sú u, ẹyọ kan péré ni mo tẹ̀.

Rodiyat náà pè. "Bàbá Ìlérí, kí ló dé tó pọ́n? Ṣé ẹ̀ ń po mílíìkì náà dáadáa?"

"Mò ń pò ó."

"Ẹ̀ ń tẹ̀ lé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára agolo?"

"Rodiyat, mo ní mò ń pò ó!"

Ó ní, "Ẹ má bínú. Ọ̀nà ló jìn. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Ó ń bẹ̀ mí. Ẹ gbọ́ mi, òun ló ń bẹ̀ mí.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Ìlérí wọ gáùn jíìnsì ẹ̀, ó dúró níwájú sikéèlì. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni páálí kan wà tí mo máa ń kó àwọn páwà báǹkì tó ti kú sí, àwọn tí kọ́sítọ́mà gbé wá tí wọn ò padà wá gbà. Mo mú méjì tó tóbi. Mo fi ọ̀kan sápò òsì, mo fi ọ̀kan sápò ọ̀tún.

"Daddy, wetin be this?"

"Dúró jẹ́ẹ́."

"Na cheating."

"Ṣé o fẹ́ lọ sùn sọ́sibítù kí wọ́n máa gún ẹ lábẹ́rẹ́?"

Ó mi orí pé rárá.

"Ṣé o fẹ́ kí Mummy fiṣẹ́ sílẹ̀ torí ẹ?"

Ó tún mi orí.

"Gùn ún."

Ó gùn ún. Kílò gòkè. Ojú áàpù di gríìnì.

Fóìsì Rodiyat wọlé kí n tó kó páwà báǹkì padà sínú páálí. Ó ń sunkún ayọ̀. Ó ní òun ti kúnlẹ̀ nínú yàrá òun, pé alhamdulilahi, pé òun ò mọ bóun ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo gbọ́ ọ tán. Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ara mi. Ó dà bí ìgbà tí mo bá ń dán fóònù kọ́sítọ́mà wò, tí mo gbọ́ ohùn ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Àtọjọ́ náà ni ara mi ti kú báyìí.

A ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, mi ò ní tíì sọ̀rọ̀ tí Ìlérí á ti fọwọ́ méjèèjì ya àpò ẹ̀ sílẹ̀ dè mí. Bó ṣe ń rù sí i ni mò ń fi kún un. Tí ìyá ẹ̀ bá pe fídíò, mo máa ń gbé fóònù sún mọ́ ojú ẹ̀ gan-an kí ọrùn má baà hàn.

"Ìlérí, ṣé inú ò run ẹ́?"

"Mummy, I dey kampe."

Tá a bá ti pa fóònù, á wò mí. Èmi á mi orí sí i pé ó ṣe é dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pé. A lọ sí Benin. Rodiyat gbààyè lẹ́nu iṣẹ́, ó wọkọ̀ láti Calabar wá pàdé wa níbẹ̀. Géètì ọsibítù ló ti rí wa. Kò kí mi. Ó di apá Ìlérí mú, ìka ẹ̀ fẹ́ẹ̀ pàdé ara wọn lára apá náà.

"Bàbá Ìlérí, èyí kọ́ ni mò ń rí lórí fóònù."

"Ọ̀nà ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó bì nínú mọ́tò."

A wọlé. Dókítà wà níbẹ̀, Wúrà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì kan ló ti sikéèlì tiwọn wá. Gáùn jíìnsì náà ló wà lọ́rùn Ìlérí, torí wọ́n ti ní aṣọ kan náà ni.

Ó bọ́ sálúbàtà ẹ̀. Ó dúró níwájú sikéèlì. Kò gùn ún.

Ó fọwọ́ òsì mú etí àpò òsì, ó fọwọ́ ọ̀tún mú etí àpò ọ̀tún, ó yà wọ́n sílẹ̀ gbàgà. Ó wá gbójú sókè sí mi, ó ń dúró.

"Fine girl, climb na," nọ́ọ̀sì ní. "Wetin you dey wait for?"

Èmi ló ń wò. Mo mi orí díẹ̀ pé rárá, bí ẹni pé eṣinṣin bà lé mi. Ó fi àpò náà sílẹ̀, ó gùn ún.

Nọ́ọ̀sì wo nọ́ńbà. Ó ní kó sọ̀ kalẹ̀, kó tún gùn ún. Wúrà wo nọ́ńbà náà, ó wo ti inú kọ̀ǹpútà ẹ̀.

"Áà! Sikéèlì tá a fún yín ló bàjẹ́," Wúrà ní. "Irọ́ ló ti ń pa fún wa látọjọ́ yìí. Bàbá Ìlérí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àwa la jẹ̀bi."

Mo ní, "Kò sí wàhálà. Ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ máa ń bàjẹ́."

Ohun tí mo sọ nìyẹn.

Dókítà jókòó, ó kọjú sí wa. Ó ní, "Ọmọ yìí ò pa kọ́ọ̀bù kan jẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, síbẹ̀ ó rù tó báyìí. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé mílíìkì ò ran tiẹ̀. Màá ní kí dókítà oníṣẹ́ abẹ wá wò ó lónìí."

Rodiyat di tábìlì mú. "Kí wọ́n gé e? Dókítà, kò sí nǹkan míì tá a lè ṣe?"

"Tó bá jẹ́ pé kò mu ún ni, màá ní ká tún gbìyànjú mílíìkì náà dáadáa. Ṣùgbọ́n ó mu ún." Ó yíjú sí mi. "Àbí kò mu ún?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Kò sẹ́ni tó ń fura. Ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀ fún mi yẹn, kí n kàn gbà á jáde. Bẹ́ẹ̀ ni kan, bẹ́ẹ̀ kọ́ kan.

Mo ní, "Ó mu ún."

Ẹ lè pa ìtàn yìí tì níbí yìí. Mi ò ní bá yín jà. Mo ti bi ara mi pé kí ló dé. Kì í ṣe pé ẹ̀rù bà mí. Mo kàn sọ ọ́ bí mo ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́.

Dókítà nawọ́ sí fóònù orí tábìlì láti pe oníṣẹ́ abẹ. Rodiyat dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú un lọ tọ̀."

Ó mú Ìlérí jáde. Wọn ò pẹ́. Mo ń gbọ́ ohùn ọmọ náà lóde, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Nígbà tí wọ́n wọlé, Rodiyat ò pariwo. Ó wù mí kó pariwo. Ó ki ọwọ́ bọ àpò gáùn Ìlérí lójú dókítà, ó fà á síta. Àpò náà ti sọ kalẹ̀, ìdí ẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ ya.

"Ọlágbénró, kí lo máa ń kó síbí?"

Kò pè mí ní Bàbá Ìlérí.

"Páwà báǹkì," mo ní.

Dókítà ní, "Kí lẹ wí?"

"Páwà báǹkì tó ti kú. Kó lè wúwo."

Wúrà ò gbé ohùn sókè rárá. "Mílíìkì ńkọ́?"

"Kò mu ún. Ó ti pẹ́ tí kò ti mu ún. Oúnjẹ ló ń jẹ. Èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́."

Ìlérí bú sẹ́kún. "Na me beg am! Daddy no force me o! Mummy, abeg, no vex for Daddy!"

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ lérí. "Oga, na you born this pikin so?"

Wúrà dìde. Ó ní, "Mo fi tiyín han àwọn ìyá yẹn. Mo ní, ẹ ò rí ọkùnrin tó ń ṣe é? Mo fi yín bú wọn." Ó kó kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó jáde, kò sì padà sínú yàrá yẹn mọ́ lọ́jọ́ náà.

Dókítà ti fóònù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò pe oníṣẹ́ abẹ. Wọ́n dá Ìlérí dúró sí wọ́ọ̀dù, wọ́n ti rọ́bà tín-ín-rín gba imú ẹ̀ lọ sínú ikùn, mílíìkì ń kán gba ibẹ̀ wọlé. Rodiyat gba ìsinmi, ó sùn tì í. Nígbà tí mo ní kí n dúró, ó ní, "Máa lọ tún fóònù ṣe." Mo lọ.

Mílíìkì náà ṣiṣẹ́. Kílò gòkè. Kílò gidi. Ọ̀rọ̀ gígé kúrò nílẹ̀. Wọ́n dá wọn sílẹ̀ pé kí Ìlérí máa mu ún lọ nílé, Rodiyat sì gbé e wá sí Warri.

Wúrà tún áàpù náà ṣe. Orí fóònù Rodiyat ló wà báyìí. Ti inú rírun, Wúrà ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ àfi Ìlérí fúnra ẹ̀. Ojú mẹ́ta ló wà níbẹ̀: èyí tó ń rẹ́rìn-ín, èyí tó fajú ro, èyí tó ń sunkún. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó tẹ èyí tó bá jọ tiẹ̀.

Èyí tó ń rẹ́rìn-ín ló ń tẹ̀. Gbogbo ìgbà.

Rodiyat á ní, "Ìlérí, ṣé lóòótọ́?"

"Yes, Mummy."

"Inú ò run ẹ́ rárá?"

"E no dey pain me at all."

Rodiyat á wá wò mí, bí ẹni pé èmi máa mọ̀. Mi ò mọ̀. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n ṣe ju tèmi lọ. Kò gbójú sílẹ̀, kò gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo bá a nílé ìdáná tó fi ikùn tẹ igun tábìlì. Mo ní kí ló dé, ó ní òun ń ṣeré ni. Mo bá tèmi lọ. Tí mo bá ní irọ́ ni, ta ló kọ́ ọ?

Ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n pè wá láti iléèwé. Ó ti bì, ohun tó bì dúdú bí omi ewé, inú ẹ̀ le bíi pátákó. A gbé e sáré lọ sí Benin. Wọ́n ya fọ́tò inú ikùn ẹ̀. Ibì kan nínú ìfun ẹ̀ ti fún pọ̀, ó ti dí pátápátá.

Dókítà náà ní, "Èyí kì í ṣe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Á ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó ti ń dùn ún. Kí ló dé tí kò sọ?"

Rodiyat yíjú sí mi.

Wọ́n gé e.

Mo dúró de dókítà lọ́dẹ̀dẹ̀. Mo bi í bóyá sítáàṣì àti ẹ̀pà tí mo fún un nígbà yẹn ló fà á. Ó ní kò sẹ́ni tó lè sọ. Ó ní ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ì bá dí bó ti wù kó rí. "Ohun tí mo mọ̀ ni pé, ká ní a mọ̀ pé ó ń dùn ún, à bá ti tètè rí i." Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní aláìsàn míì tó ń dúró dè é. Ó lọ.

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ní irú ọmọ yìí nílé, tí wọ́n fún yín ní irú áàpù yìí, ohun tẹ́ ẹ bá rí ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Tí kò bá mu ún, ẹ tẹ̀ ẹ́ pé kò mu ún. Ẹ jẹ́ kó pọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè yín, kí wọ́n bínú sí yín, kí ìyàwó yín bá yín jà. Pípọ́n ò pa ọmọ kankan rí. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ ò lè ṣe é, tó sú yín, tí àánú ọmọ ń ṣe yín, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá tí Wúrà fi mí bú yẹn sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ló ṣe é dáadáa.

Ìgbà tí Ìlérí jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, Rodiyat wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà, torí ibẹ̀ ni Rodiyat ní kí n dúró sí. Nọ́ọ̀sì tẹ̀ba sí i.

"Ìlérí, how body? E dey pain you?"

Ó la ẹnu. Ojú ẹ̀ kọjá lára nọ́ọ̀sì, ó kọjá lára ìyá ẹ̀, ó ń wá kiri inú yàrá títí ó fi bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń wo ojú mi. Ó fẹ́ mọ èyí tí mo fẹ́ kó sọ.

Mo yí padà, mo kọjú sí ògiri.

"Yes," mo gbọ́ tó ní. "E dey pain me."

"Where?"

"Everywhere."

Mo gbọ́ tí nọ́ọ̀sì sáré lọ mú abẹ́rẹ́. Mi ò yíjú padà.